Fáàfù inú áǹpù gìtá: bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ ẹ̀ fúnra yín, tó bá jẹ́ pé ẹjọ́ ẹ̀ ni

Ẹ gbọ́ ná. Tí áǹpù gìtá bá ti ń ṣe ṣììì tàbí tó ń ta pàràpàrà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé "fáàfù ẹ̀ ti lọ, ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀", ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gan-an sì lè má fojú kan fáàfù rí, ìyẹn ìgò kékeré inú áǹpù tó ń mú ohùn gìtá ga. Mi ò ní kí ẹ má pààrọ̀ fáàfù o, iṣẹ́ yẹn ò le rárá, ẹni tó bá ti mọ sìkúrùdíráfà dì mú á ṣe é, àmọ́ nínú àwọn áǹpù háíbíríìdì tó ń káàkiri Ìbàdàn yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé àwọn olórin, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yunifásítì, ẹjọ́ fáàfù kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Owó ẹ̀ sì ti kúrò ní ohun téèyàn ń ná lórí "bóyá òun ni". Ká kọ́kọ́ wádìí ná, ká tó tú u.

Áǹpù tí mò ń sọ ni èyí tí fáàfù kékeré kan ṣoṣo, tàbí méjì, wà lápá ibi tí ohùn gìtá ń gbà wọlé, tó wá jẹ́ pé tiransísítọ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ agbára tó ń ti sípíkà. Marshall Valvestate tó jáde ní 1991 wà lára wọn, AVT tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀ náà wà níbẹ̀, Orange Micro Terror kékeré yẹn tó jẹ́ 20 watt náà ńkọ́. Fáàfù tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ni 12AX7. Àwọn ará Yúróòpù ń pè é ní ECC83, ẹ tún lè rí 7025 lára òmíì, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìgò kékeré ni, ẹsẹ̀ 9 ló ní nísàlẹ̀, inú ẹ̀ pín sí apá méjì tó dá dúró, ìyẹn ni ẹyọ kan ṣe ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ohun tó tiẹ̀ dáa jù nípa ẹ̀ ni pé ẹ ò ní wọn báyáàsì kankan, ìyẹn ìwọ̀n iná tí fáàfù ń fà nígbà tí ohùn kankan ò kọjá nínú ẹ̀. Àwọn fáàfù ńlá bí EL34 àti 6L6 tó ń gbé agbára nínú áǹpù oní-fáàfù pátápátá ni wọ́n máa ń wọn báyáàsì fún tí wọ́n bá pààrọ̀ wọn. Kékeré yìí, ẹ yọ ọ́, ẹ ki òmíì bọ̀ ọ́, ó parí.

Àwọn kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé mi dé ìdí ẹ̀ o. Vox MV50, Nutube ló wà nínú ẹ̀, ohun pẹlẹbẹ kan tí Korg àti Noritake jọ ṣe, wọ́n jó o mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ni, kò ṣe é fà yọ, ẹ má lọ fi tipátipá fà á. Vox Valvetronix náà ní 12AX7 lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, apá páwà (apá tó ń ti sípíkà) ni wọ́n ti ń lò ó, torí náà àyẹ̀wò send àti return (jáàkì méjì tó wà lẹ́yìn áǹpù) tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí ò ní dá a láre, kò sì ní dá a lẹ́bi.

Ó yá, ẹ tan áǹpù, ẹ fa wáyà gìtá yọ kúrò lára ẹ̀. Ṣé ariwo yẹn dákẹ́? Tó bá dákẹ́, wáyà yín ni tàbí gìtá fúnra ẹ̀, ẹ má dé ọ̀dọ̀ áǹpù rárá. Tí kò bá dákẹ́, ẹ yí másítà fólúùmù sí òdo. Bí ariwo náà bá dúró bó ṣe wà, kò pọ̀ kò dín, a jẹ́ pé lẹ́yìn kọ́ńtíróòlù yẹn ló ti ń wá, lápá páwà, tàbí lára kàpásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú áǹpù) tó ti gbó, fáàfù tó wà níwájú ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń yí kọ́ńtíróòlù nìkan ló ń họ kàrà-kàrà, tí ẹ bá sì ti fi í sílẹ̀ ó dákẹ́, ìdọ̀tí inú kọ́ńtíróòlù nìyẹn, sípúréè tí wọ́n fi ń fọ kọ́ńtáàtì á parí ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ dán ṣánẹ́ẹ̀lì méjèèjì wò. Nínú àwọn áǹpù kan, ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń ké gbígbóná nìkan ló ń lo fáàfù, èyí tó mọ́ ń gba ọ̀nà míì kọjá. Tí ariwo bá wà ní méjèèjì bákan náà, fáàfù ṣì lè jẹ́ aláìṣẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá ẹjọ́ jù ni jáàkì send àti return tó wà lẹ́yìn áǹpù. Nínú jáàkì return yẹn, irin tín-ín-rín méjì ló ń kan ara wọn nígbà tí nǹkan kan ò bá sí nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni ohùn ń gbà láti apá fáàfù bọ́ sí apá páwà. Eruku ọyẹ́ á wọ ibẹ̀, òjò á dé, ọ̀rinrin á ṣe tiẹ̀, irin á dípẹtà, ohùn á wá máa lọ máa bọ̀, á rẹlẹ̀ lójijì láàárín orin, á tún padà tí ẹ bá fi ìkúùkù gbá áǹpù lórí, ṣé ẹ ti mọ èyí tí mò ń sọ? Ẹ wá wáyà kúkurú kan, ẹ ki orí kan bọ send, ẹ ki ìkejì bọ return. Tí ohùn bá padà bọ̀ sípò, tó dúró ṣinṣin, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ẹ fín sípúréè kọ́ńtáàtì síbẹ̀ pẹ̀lú áǹpù ní pípa, ẹ ki jáàkì bọ̀ ọ́, ẹ fà á yọ, ẹ tún kì í, ẹ ṣe é títí. Wọ́n gbé áǹpù kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Challenge, wọ́n ti ra fáàfù tuntun sí i, wọ́n tún ti ra òmíì lé e, jáàkì yìí náà ni.

Ẹ tún lè fi return yẹn dán apá páwà nìkan wò. Ẹ ki wáyà gìtá tààrà sínú return. Ohùn á kéré, kò ní dùn, ìyẹn ò burú, ẹ ṣáà gbọ́ bóyá ariwo yẹn ṣì wà. Tó bá ṣì wà pẹ̀lú fáàfù tó ti di ẹni ẹ̀yìn báyìí, ẹ gbé e lọ fún rédíóníkì.

Iná náà wà níbẹ̀ o. Áǹpù tó ń kùn hùùù lórí jẹ́nẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", tí kò sì kùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná gidi bá wà, kí ni ẹ fẹ́ kí fáàfù ṣe sí i? Ìnfátà olówó pọ́ọ́kú náà máa ń kó ìkùn tiẹ̀ wọlé, gìtá oní-pickup ẹlẹ́yọ kan náà máa ń kùn tí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà tàbí iná fuloréṣẹ́ǹtì. Ẹ yíjú gìtá síbòmíì, ẹ gbọ́ bóyá ó yí padà. Tó bá jẹ́ pé òde Amẹ́ríkà ni tòkunbọ̀ yín ti wá, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, 120 volt ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, tiwa ń lọ sí 230 tàbí 240, ẹni tó bá kì í bọ ògiri láìsí stẹ́ẹ̀pù-dáùn, ọ̀rọ̀ fáàfù kọ́ la ó máa sọ mọ́.

Ìgbà wo wá ni ẹjọ́ fáàfù? Tí ariwo bá ń pọ̀ bí ẹ ṣe ń yí géènì, kọ́ńtíróòlù tó ń mú kí ohùn gìtá le níbi tó ti ń wọlé, sókè. Tó bá ń ta pàràpàrà fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, tí jáàkì àti wáyà sì ti jáde kúrò nínú ẹjọ́. Tí ohùn ti ń tín-ín-rín bọ̀ láti ìgbà díẹ̀. Tí ohùn kan pàtó, ká ní A tàbí B, bá ń mú kí áǹpù hu bí agogo lẹ́yìn tí ẹ ti dá ọwọ́ dúró, pàápàá nínú kọ́ńbò tí sípíkà àti fáàfù jọ ń gbé inú àpótí kan tí ìgbọ̀nrìrì sípíkà ń bá a jà lójoojúmọ́. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni kí orí ìgò náà, tó yẹ kó dúdú tàbí kó ń dán bíi fàdákà, ti di funfun. Afẹ́fẹ́ ti wọlé, ó ti kú.

Bí ẹ bá lè rí fáàfù láti ẹ̀yìn láìtú nǹkan kan, ẹ tan áǹpù, ẹ fi géènì sí àárín, ẹ fi ìdí báírò oníke kan ìgò yẹn jẹ́jẹ́. Ohùn díẹ̀ á dún nínú sípíkà, gbogbo fáàfù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má jáyà. Èyí tó bàjẹ́ á dún gbíńnn, á máa lọ, tàbí kó ta pàrà. Tó bá jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ni fáàfù yín wà, tó jẹ́ pé ẹ ní láti tú áǹpù kí ẹ tó kàn án, ẹ fi àyẹ̀wò yìí sílẹ̀ fún ẹni tó mọ ibi tí iná wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ríra. Ní Queen Cinema àti Ògùnpa ẹ lè béèrè, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀ kí wọ́n bi yín pé fáàfù mọ́tò ni àbí ti gáàsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, tàbí kí wọ́n ní kí ará tó ń bọ̀ láti òkè òkun bá wọn mú un dání, kò wúwo. JJ, ilẹ̀ Slovakia ni wọ́n ti ń ṣe é, mo fẹ́ràn ECC83S wọn fún kọ́ńbò torí irin inú ẹ̀ kúrú, kì í tètè hu. Sovtek, Electro-Harmonix, Tung-Sol àti Mullard ìsinsìnyí, ilé iṣẹ́ kan náà ní Saratov, ní Rọ́ṣíà, ló ń ṣe gbogbo wọn, Mullard ti àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ nìyí, orúkọ ni wọ́n rà, torí náà kí ẹnikẹ́ni má ta tuntun fún yín lówó ti àtijọ́. Láti 2022 tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti bẹ̀rẹ̀ ni owó wọn ti gbéra. Ẹyọ kan ni ẹ nílò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta "mátíṣì pèyà" fún yín, ìyẹn méjì tí wọ́n wọn pé ó dọ́gba, fáàfù ńlá ló wà fún.

Ẹnì kan á sọ pé rédíògíráàmù bàbá àgbà òun wà nílé, pé fáàfù kún inú ẹ̀. Òótọ́ ni, Ìbàdàn tí WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ ní 1959 yìí, fáàfù ò wọ́n nílé àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà. Èyí tí ẹ máa bá jù nínú rédíò wọ̀nyẹn ni ECC85, òun náà ní ẹsẹ̀ 9, òun náà pín sí méjì, ó jọ ọ́ títí, á tiẹ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yín wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun. Okùn iná inú 12AX7 ń lo ẹsẹ̀ 4, 5 àti 9, wọ́n lè fún un ní 12.6 volt tàbí 6.3, ó kù sí bí wọ́n ṣe so ó. ECC85 àti ECC88, 6.3 nìkan ni wọ́n mọ̀, ẹsẹ̀ 4 àti 5 ni wọ́n ń gbà á, ẹsẹ̀ 9 tiwọn ń ṣe nǹkan míì. Tí áǹpù yín bá ń gbé 12.6 gba ẹsẹ̀ 4 àti 5, okùn iná á jó dànù lójú yín. Tó bá jẹ́ ECC83 gidi ni ẹ bá nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á mọ́, ó lè dáa ju tuntun lọ.

Tí géènì áǹpù yín bá ti pọ̀ jù fún yín, tó jẹ́ pé orin ìyìn ni ẹ ń lù tí ẹ ò fẹ́ igbe, àǹfààní wà níbí: 5751 àti 12AT7 (ECC81) ń wọ ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ìlọ́po tí 12AX7 lè sọ ohùn di lórí ìwé jẹ́ 100, ti 5751 jẹ́ 70, ti 12AT7 jẹ́ 60. Ohùn á tutù díẹ̀.

Ó wá kan títú. Ẹ pa áǹpù, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ kúrò lára ògiri, súwíìṣì nìkan ò tó. Ẹ fi í sílẹ̀ ó kéré tán wákàtí kan, kí ìgò tutù, kí iná tó kù nínú àwọn kàpásítọ̀ lè rọlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "háíbíríìdì ni, iná ẹ̀ ò pọ̀" tàn yín, àwọn míì ń fún fáàfù wọn ní iná tó ju 100 volt lọ dáadáa, iná yẹn lè gbé èèyàn pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì nílẹ̀. Tí ẹ bá ní mítà, ẹ gbé e sí DC, ẹ wọn orí àwọn kàpásítọ̀ ńláńlá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ sí volt mélòó kan. Mo mọ̀ pé àwọn rédíóníkì kan máa ń fi sìkúrùdíráfà kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ méjèèjì papọ̀ kó lè bú gbàù, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ba kàpásítọ̀ jẹ́, ó sì lè ta sójú. Ẹni tí kò bá ní mítà, kó jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀yìn áǹpù kí ẹ tó tú sìkúrù kan, ẹ tún ya òmíì bí ẹ bá ṣe ń wọlé sí i. Sìkúrù wọn kì í gùn bákan náà, ẹ dá ti ẹ̀yìn sọ́tọ̀, ẹ dá ti irin inú sọ́tọ̀. Nínú àwọn kan, ẹ ṣí ẹ̀yìn báyìí fáàfù ti ń wo yín, nínú àwọn míì ẹ ní láti tú sìkúrù orí àpótí, kí ẹ yọ wáyà sípíkà, kí ẹ wá fa irin inú náà jáde látòkèdélẹ̀. Ó wúwo lápá tiransifọ́mà, ẹ di ibẹ̀ mú. Bí ẹ bá bá aáyán níbẹ̀ ẹ má bínú, ibi tó bá móoru ni wọ́n ń gbé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kíkùn tó gbẹ gbá gbogbo ẹ̀gbin wọn kúrò lórí pánẹ́ẹ̀lì.

Fáàfù lè wà nínú páìpù irin kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i sápá òsì, á jáde, sípírìn-ìn wà nínú ẹ̀, kó má fò lọ. Ó lè jẹ́ wáyà sípírìn-ìn ni wọ́n fi dè é lórí, ẹ kàn yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti rọra: sọ́kẹ́ẹ̀tì inú háíbíríìdì, orí pánẹ́ẹ̀lì gan-an ni wọ́n jó o mọ́ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì (òjé tí wọ́n ń yọ́ fi so wáyà), kò ní irin tó gbé e dúró bíi ti àwọn áǹpù àtijọ́. Tí ẹ bá ń mì ín sọ́tùn-ún sósì gan-an, lẹ́ẹ̀dì abẹ́ ẹ̀ á sán, tó bá sì ti sán ni pàràpàrà tuntun á bẹ̀rẹ̀, ẹ ó wá máa bú fáàfù tuntun. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan ti pánẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọwọ́ kejì di ìgò mú nísàlẹ̀, ẹ máa fà á sókè tààrà, pẹ̀lú ìmìmì kékeré, bí ẹni ń yọ eyín ọmọdé. Ẹ wo lẹ́ẹ̀dì abẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà tí ẹ bá lè rí i. Tí ẹ bá rí òrùka dúdú yí ẹsẹ̀ kan ká, ibẹ̀ ti sán tipẹ́, ó fẹ́ lẹ́ẹ̀dì tuntun, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni gbogbo ìjà yìí láti àárọ̀.

Ẹ fín sípúréè kọ́ńtáàtì díẹ̀ sára ẹsẹ̀ fáàfù tuntun, kì í ṣe sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní àfínṣàn, ẹ kì í bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ tún kì í. Ní ìdí ìgò, ẹ máa rí i pé àlàfo kan fẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, láàárín ẹsẹ̀ 1 àti 9, irú àlàfo yẹn náà wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ kọjú wọn síra. Tí ẹsẹ̀ kan bá wọ́, ẹ fi pílíásì ẹlẹ́nu tínrín tún un tò díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó kì í, torí tí ẹ bá fi agbára sí i, ìgò á sán nídìí, afẹ́fẹ́ á wọlé, owó ti lọ. Ẹ tì í títí á fi jókòó. Àwọn kan ní kí ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ìgò, pé òróró ara á bà á jẹ́. Gílóòbù halogen ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n gbé wá síbí, fáàfù kékeré yìí kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá páìpù irin tàbí sípírìn-ìn padà, páìpù yẹn ń ṣọ́ ìkùn, ẹ má jù ú nù. Ẹ so wáyà sípíkà padà, ẹ rí i pé orí wáyà méjèèjì ò kan ara wọn, torí apá páwà yìí tiransísítọ̀ ni, kí wáyà sípíkà kanra ló lè pa á. Ẹ dé gbogbo ẹ̀ padà kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri.

Fólúùmù ní òdo, ẹ tan án. JJ míì máa ń kọ́ mọ̀nà nígbà tí iná bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ má fò sókè, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú kan ẹ yẹ kí ẹ rí pupa díẹ̀ láàárín ìgò, àmọ́ ẹ ṣọ́ra, àwọn kan máa ń fi iná LED sí ìdí fáàfù kó lè máa tàn fún ojú, ìyẹn ò sọ pé okùn iná inú ẹ̀ ń jó. Ẹ fọwọ́ sún mọ́ ọn, kó móoru. Tó bá tutù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, ẹ pa á, ó lè má jókòó dáadáa. Bí èéfín bá yọ tàbí tí nǹkan bá ń rùn, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá sí wàhálà, ẹ gbé fólúùmù sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ lu gìtá fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹ fi géènì dé ibi tí ẹ máa ń lò ó lọ́jọ́ Ìsinmi.

Tí ariwo tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà bó ṣe wà, ẹ má ra fáàfù kẹta. Ẹ dá ti àtijọ́ padà sí àyè ẹ̀, ẹ da tuntun sínú páálí ẹ̀, kó wà ní ìpamọ́, ẹ gbé áǹpù lọ fún rédíóníkì, kí ẹ sì sọ fún un tẹ̀lé-n-tẹ̀lé gbogbo ohun tí ẹ ti dán wò: pé ẹ ti so send mọ́ return, pé másítà ní òdo ṣì ń kùn, pé ẹ ti pààrọ̀ 12AX7. Tó bá dáhùn pé fáàfù náà ni, ẹ gbé áǹpù yín, ẹ wá rédíóníkì míì.